Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ẹja Inú Dáàmù?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àti tútù ni a ti í ká ẹja; bí ó bá gbẹ tán, tí a bá ní kí á ká a, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n lónìí mo fẹ́ dá òwe náà padà sí ọ̀dọ̀ ẹja fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa bá mi gbé yẹ̀wò ni bí a ṣe ń tọ́jú adágún omi tí a kó ẹja sí, kí ènìyàn lè máa lọ fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀ fún ìgbádùn àti ìsinmi, kí ó sì tún rí ẹja ọbẹ̀ mú bọ̀ wálé. Èrò mi ni pé kíkó ọmọ ẹja sínú omi ni ó kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Òfin tí yóò ṣọ́ ẹja ni iṣẹ́ gan-an, òfin náà sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹja tó wọ omi.

OMI TÍ Ó WÀ NÍ ÀYÍKÁ WA

Ọmọ Ìgbàjà ni mí, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ilẹ̀ tiwa kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe etí òkun. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, òkè àti àpáta sì wà níbẹ̀. Odò kéékèèké ni ó pọ̀ jù nínú àwọn odò wa. Nígbà òjò, wọn a kún. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ nínú wọn a fà, omi a sì ṣẹ́kù sínú ibú nìkan. Inú ibú yìí ni ẹja máa ń sá sí de òjò tuntun. Èyí tí ó bá yè níbẹ̀ ni yóò yé ẹyin tí yóò tún kún odò lọ́dún tí ń bọ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ìgèrè ni wọ́n ń dẹ, ìwọ̀ ni wọ́n ń jù, àwọ̀n ni wọ́n ń ta. Ṣùgbọ́n nígbà èwe mi, àṣà kan ti wọlé láàrin àwọn ọ̀dọ́ kan: Gammalin 20 ni wọ́n ń dà sínú ibú. Oògùn àwọn àgbẹ̀ kòkó ni Gammalin, láti fi pa kòkòrò tí ń ba èso kòkó jẹ́. Líndéènì ni orúkọ májèlé tí ó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá dà á sínú ibú lówùúrọ̀, kí oòrùn tó ga, ẹja ńlá, ẹja kékeré, ọ̀pọ̀lọ́ àti akàn yóò ti léfòó. Ẹni tí ó da oògùn yóò ṣa èyí tí ó tóbi, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ fún eṣinṣin. Inú odò kan náà yìí sì ni àwọn ìyá wa ti ń pọn omi.

Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àdéhùn Stockholm fi líndéènì kún àwọn májèlé tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ní ilé wa níhìn-ín, òfin tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1992 lórí ẹja inú omi ilẹ̀ ka fífi májèlé tàbí ohun abúgbàù pẹja léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí kò ní ẹni tí yóò ṣọ́ ọ ní etí odò, inú ìwé ni yóò wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi rọ̀ mọ́.

Dáàmù ni ó sọ ọ̀rọ̀ ẹja di ọ̀tun ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ní Ọ̀fà, wọ́n sé odò Ọ̀yun ní ọdún 1964 kí ará ìlú lè rí omi mu, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Adágún tí ó ti ibẹ̀ jáde kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 69 lọ, ibi tí ó jìn jù níbẹ̀ kò sì ju mítà mẹ́jọ lọ. Ní Ìlọrin, dáàmù Àgbá àti dáàmù Àsà wà. Nítorí omi mímu ni wọ́n ṣe kọ́ wọn, kì í ṣe nítorí ẹja. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sé odò, ẹja inú odò náà yóò di ẹja adágún, apẹja yóò sì dé. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni pé, ṣé a ó jẹ́ kí ó rí bí ó bá ṣe rí ni, tàbí a ó tọ́jú rẹ̀?

Ìpẹja ìgbádùn kì í ṣe ohun àjèjì sí wa bí àwọn kan ti rò. Ọmọdé tí ó so ekòló mọ́ ìwọ̀, tí ó jókòó sí etí odò láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, tí ó mú epìyà mẹ́ta péré dé ilé, ìgbádùn ni ó bá lọ. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, irú ìgbádùn yìí ti di iṣẹ́ tí ń mú owó wọlé. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja nínú adágún ìjọba gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ. Láti ọdún 1950 ni òfin sì ti wà níbẹ̀ pé kí owó orí tí a ń gbà lórí ọ̀pá àti ohun èlò ìpẹja padà sí ìtọ́jú ẹja. Owó tí ó ti ara ẹja jáde ni wọ́n fi ń bọ́ ẹja.

Ẹ̀KỌ́ TÍ ADÁGÚN KAINJI KỌ́ WA

Kí á tó sọ̀rọ̀ dáàmù kékeré, ẹ jẹ́ kí á wo èyí tí ó tóbi. Ní ọdún 1968 ni wọ́n sé Odò Ọya ní Kainji. Ní ìgbà náà, abẹ́ Kwara ni ilẹ̀ Borgu wà. Ní ọdún 1991 ni wọ́n tó yí i sí Ìpínlẹ̀ Niger. Adágún tí ó jáde níbẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 1,270 níbùú lóòró, ó sì bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1970, ẹja tí wọ́n pa nínú adágún yìí tó nǹkan bí 28,000 tọ́ọ̀nù. Ayọ̀ pọ̀, apẹja ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1978, ẹja tí wọ́n ń pa ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 4,500 tọ́ọ̀nù. Kí ni ó fà á?

Ìdí kìíní wà nínú omi fúnra rẹ̀. Bí omi bá bo igbó mọ́lẹ̀, igi, koríko, ewé àti ìgbẹ́ ẹran tí ó wà nínú igbó náà yóò máa jẹrà. Ìjẹrà yìí di ajílẹ̀ fún àwọn ewéko wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí, àwọn kòkòrò inú omi ń jẹ ewéko náà, ẹja sì ń jẹ àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú dáàmù tuntun máa ń dàbí ọdún ìkórè oko ẹgàn. Bí ajílẹ̀ àkọ́kọ́ bá ti tán, ìkórè yóò rẹlẹ̀. Ìdí kejì ni ènìyàn. Àwọn tí ọdún ọ̀pọ̀ pè wá kò padà sílé nígbà tí ẹja dín; ṣe ni wọ́n dín ojú àwọ̀n wọn kù, wọ́n sì ń kó ọmọ ẹja.

Láti ọdún 1993 dé 2001, ìjọba Nàìjíríà àti ti Jámánì jọ ṣe iṣẹ́ kan lórí adágún náà, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ẹja omi tútù tí ó wà ní New Bussa. Wọ́n bá àwọn apẹja àti àwọn olórí abúlé jókòó. Wọ́n fi ìwé àṣẹ lélẹ̀, wọ́n sì gbógun ti àwọ̀n gbọọrọ tí a máa ń fà wá sí èbúté, nítorí pé ojú rẹ̀ dí débi pé ọmọ ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lẹ́yin kì í bọ́ níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ wọn kò dá lórí kíkó ẹja tuntun sínú omi. Bí wọn yóò ṣe jẹ́ kí èyí tí ó wà níbẹ̀ dàgbà ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ ni pé dáàmù tuntun máa ń tan ènìyàn. Ẹni tí ó bá fi ọdún kejì díwọ̀n ọdún kẹwàá yóò ṣìṣe. Ọdún ọ̀pọ̀ gan-an ni ó yẹ kí á ṣòfin, nítorí pé ìgbà náà ni kò dun ẹnikẹ́ni.

IRÚ ẸJA TÍ Ó YẸ

Bí a bá bi ará ilé wa pé ẹja wo ni kí á kó sínú dáàmù, epìyà ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, yóò sì fi àrọ̀ kún un. Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ ìwà àwọn méjèèjì.

Epìyà kì í yàgàn. Nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, abo rẹ̀ lè yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ a máa fi ẹnu gbé ẹyin rẹ̀ títí yóò fi pa, bí ewu bá sì dé, àwọn ọmọ yóò tún sá padà sí ẹnu ìyá wọn. Nítorí náà ọmọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Ẹnì kan lè rò pé oríire ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí epìyà bá pọ̀ ju oúnjẹ inú omi lọ, kò ní kú, kò sì ní dàgbà. Yóò máa bímọ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì tó àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, adágún yóò kún fún ẹja arára tí kò wu apẹja, tí kò sì tó jẹ.

Oògùn rẹ̀ ni ẹja ajẹja. Ní ilé ẹ̀kọ́ Auburn ní Alabama, ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ H. S. Swingle fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí nínú àwọn adágún kéékèèké, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1950. Ó rí i pé adágún máa ń dára fún olùfìwọ̀pẹja bí ìwọ̀n àwọn ẹja tí a ń jẹ bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà ìwọ̀n àwọn ẹja tí ń jẹ wọ́n. Bí ẹja ajẹja bá kéré jù, ẹja kékeré yóò kún inú omi. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ebi yóò pa òun náà. Ẹja tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, a kò sì lè gbé iye náà lé orí omi wa láìwọ̀n ọ́n níbí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ bá epìyà mu dáadáa.

Àrọ̀ lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó ń jẹ ohun gbogbo, títí kan ọmọ epìyà. Ó tún ní ẹ̀yà ara kan tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi, nítorí náà ó lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá lọ sílẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó fẹ́ etí omi tí òjò tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bò kí ó tó yé ẹyin. Bí dáàmù kò bá ní irú etí bẹ́ẹ̀, àrọ̀ inú rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ bí sí i, àfi kí á máa kó ọmọ rẹ̀ wá láti ibi tí a ti ń fi abẹ́rẹ́ mú un yé ẹyin. Èyí tí àwọn tí ń fi ìwọ̀ ṣeré fẹ́ràn jù ni ẹja ńlá Odò Ọya tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin omi. Ajẹja ni, ó sì lè tóbi ju ènìyàn lọ.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ erin omi wà ni mo ti fẹ́ kí á ṣọ́ra. Láàrin ọdún 1950 sí 1965, wọ́n kó ẹja yìí sínú adágún Victoria ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ó pọ̀ tán, ó sì di òwò ńlá, àwọn tí ń fi ìwọ̀ pẹja sì ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíràn láyé ni ó bá a lọ. Ẹja ilé, ilé ni kí ó máa gbé. Ẹja tí odò kan bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí á kó sínú dáàmù odò náà. Nítorí náà, èmi kò ní fọwọ́ sí i pé kí á gbé erin omi wá sínú dáàmù kékeré ilẹ̀ Ìgbómìnà nítorí pé àlejò fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń KÓ ỌMỌ ẸJA SÍNÚ OMI

Iṣẹ́ yìí kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀sọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni à ń gbé ọmọ ẹja, nígbà tí oòrùn kò mú. Bí a bá gbé wọn dé inú ọ̀rá, a kì í dà wọ́n sínú omi lójú ẹsẹ̀. A ó jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó lórí adágún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, kí ìgbóná omi inú ọ̀rá àti ti adágún lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà a ó máa bu omi adágún sí i díẹ̀díẹ̀, kí á tó jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn lúwẹ̀ẹ́ jáde. Èyí tí a bá dà lójijì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tí ó dà á kò sì ní mọ̀, nítorí ìsàlẹ̀ omi ni wọn yóò rì sí.

Àwọn ọmọ àrọ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ìwọ̀n, nítorí pé èyí tí ó bá tóbi yóò gbé èyí tí ó kéré mì. Bí ẹja ajẹja bá sì ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀, ọmọ tí ó ti tó ìka ọwọ́ dáadáa ni kí á kó sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oúnjẹ ni a kó lọ fún àwọn àgbà. Ibi tí ẹ̀ka igi tàbí koríko wà létí omi ni à ń tú wọn sí, kí wọ́n lè rí ibi sá sí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka igi yìí ní ọgbọ́n nínú. Lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ìlú Ganvié wà, àwọn apẹja máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú omi bí ẹni ń dá oko. Acadja ni wọ́n ń pè é. Ewéko wínníwínní á hù sára ẹ̀ka náà, ẹja á wá jẹ ẹ́, á sì sá pamọ́ síbẹ̀. Olùfìwọ̀pẹja náà mọ̀ pé ibi tí igi bá rì sí ni ẹja ń gbé. Nínú dáàmù kékeré, òkìtì ẹ̀ka mélòó kan, tí ó jìnnà sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi, yóò ṣe ẹja àti apẹja láǹfààní.

ÒFIN ÌWỌ̀, ÒFIN ÀWỌ̀N

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Òfin mẹ́rin ni mo rò pé kò gbọdọ̀ má sí.

Èkíní, ìgbà ìsinmi. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹja ń yé ẹyin, ó yẹ kí etí omi tí kò jìn wà ní pípadé fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹni tí ó bá pa abo àrọ̀ tí ó lóyún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin ni ó pa pọ̀ mọ́ ọn.

Èkejì, ohun tí a ó fi pẹja. Ìwọ̀, ìgèrè àti àwọ̀n olójú ńlá kò ní dí ara wọn lọ́wọ́ bí iye wọn bá mọ níwọ̀n. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, májèlé àti ohun abúgbàù kò gbọdọ̀ wọ inú omi náà rárá.

Ẹ̀kẹta, ohun tí a ó mú lọ sílé. Ní òkè òkun, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi ìwọ̀ ṣeré máa ń pa ẹja tán, kí wọ́n sì dá a padà sínú omi láàyè. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ èyí ní ọjà Ìgbàjà, wọn yóò ní kí n lọ fi orí mi han babaláwo. Kí ẹja wọ ọwọ́ kí á tún jù ú nù? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Ẹja tí ó ní ìṣòro àpọ̀jù ni epìyà, nítorí náà ẹni tí ó bá mú epìyà lọ sílé ń ran adágún lọ́wọ́. Kí ó mú un lọ, kí ó fi se ọbẹ̀. Ẹja ajẹja ni ó yẹ kí á dá padà títí yóò fi tó ìwọ̀n tí ìlú fẹnu kò sí, nítorí pé òun ni olùṣọ́ tí kò gba owó oṣù. Òfin tí ó bá gba ọbẹ̀ láyè báyìí, àwọn ènìyàn wa lè pa á mọ́.

Ẹ̀kẹrin, ìwé àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹja níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ iye tí ó pa, irú rẹ̀ àti bí ó ti gùn tó, kí ẹnì kan sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ni ojú tí a fi ń rí abẹ́ omi. Bí epìyà inú ìwé bá ń kéré sí i lọ́dọọdún, ajẹja kò tó. Bí ẹja ńlá bá kù, tí a kò rí ọmọ mọ́, ẹyin kò yè. Bí ohun gbogbo bá ń dín, apẹja ti pọ̀ jù. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀, tí ó ṣáà ń ra ọmọ ẹja dà sínú omi lọ́dọọdún, kò mọ̀ bóyá inú agbọ̀n ni ó ń pọn omi sí.

OMI FÚNRA RẸ̀

Mo ní láti fi kún un pé omi mímu ni omi àwọn dáàmù wa. Nínú adágún ẹja lásán, àwọn ènìyàn a máa da ajílẹ̀ sí omi kí ewéko wínníwínní lè pọ̀. Nínú dáàmù omi mímu, èèwọ̀ ni. Ajílẹ̀ tí òjò ń wọ́ wá láti oko àti ìgbẹ́ màlúù tí ń wá mumi ti pọ̀ tó. Bí ó bá pọ̀ jù, omi yóò di àwọ̀ ewé, ewéko náà yóò kú, yóò jẹrà, yóò sì gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí lóru. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹja yóò léfòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da májèlé.

Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àwọn méjèèjì dára ní ìwọ̀nba, nítorí pé ọmọ ẹja ń sá sábẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ewéko olódòdó àlùkò tí ó gba ojú omi Badagry wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1984 kì í mọ ìwọ̀n. Ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ rí i ni kí á tu ú. Àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ náà ń bẹ, tí ìgbín inú omi ń gbé kiri. Àwọn abúlé tí ó yí dáàmù Ọ̀yán ká nítòsí Abẹ́òkúta rí i lẹ́yìn tí wọ́n ṣí dáàmù náà ní ọdún 1983. Nítorí náà, orí ọkọ̀ tàbí orí pèpéle ni kí olùfìwọ̀pẹja dúró sí, kì í ṣe inú omi.

TA NI Ó NI ẸJA?

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bí ìjọba bá kó ọmọ ẹja sí dáàmù, tí ó sì yí i ká pẹ̀lú ọgbà kí àlejò ọlọ́kọ̀ lè wá ṣeré níbẹ̀, kí ni a fẹ́ kí baba tí ó ti ń dẹ ìgèrè lórí odò náà kí wọ́n tó sé e ṣe? Kí ni ìyá tí ń yan ẹja tà yóò ṣe? Òru ni wọn yóò máa wá. Ọgbà kò lè ṣọ́ adágún. Ènìyàn tí ó gbà pé tòun ni ni ó lè ṣọ́ ọ.

Àwọn tí ó ti mọ èyí kò jìnnà sí wa. Ní Òṣogbo, a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, nítorí pé ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun ni ẹja jẹ́ fún wọn. Orúkọ oyè ọba ìlú náà gan-an, Atáọ́ja, láti inú ìtàn ọba tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja lọ́wọ́ odò ni ó ti wá. Àjọ UNESCO fi igbó náà kún ohun ìní àgbáyé ní ọdún 2005. Ó ti pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin ẹja sínú ìwé ní Nàìjíríà tí èèwọ̀ ti ń ṣọ́ ẹja níbẹ̀.

Ní Argungu, ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, àṣà tiwọn gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja pípa tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé. Wọn a ti apá odò tí wọ́n yàn pa fún gbogbo ọdún, Sarkin Ruwa, ìyẹn olórí omi, ni yóò sì máa ṣọ́ ọ. Bí ọjọ́ bá pé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin yóò bẹ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè nìkan. Wákàtí díẹ̀ péré ni wọ́n ń lò. Ètò náà dúró lẹ́yìn ọdún 2010 nítorí àìsí ààbò, wọ́n sì tún ṣe é ní ọdún 2020. Ẹja tí ó gba ipò kìíní lọ́dún náà wọn kílógíráàmù 78. Ẹja kò lè tóbi tó bẹ́ẹ̀ nínú omi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ wò ó: eré ni ọdún náà, ìdíje ni, àlejò ń wá láti òkèèrè, síbẹ̀ ọmọ ìlú ni ó ń wọ omi, ọmọ ìlú ni ó sì ń gba ẹ̀bùn.

Nítorí náà, bí ìtọ́jú dáàmù kan, ì báà ṣe kékeré, bá bọ́ sí ọwọ́ ìlú bíi Ìgbàjà, ohun tí èmi yóò dábàá nìyí. Kí ọba àti àwọn ìjòyè, ẹgbẹ́ apẹja, àwọn obìnrin tí ń ta ẹja àti aṣojú ilé iṣẹ́ omi jọ jókòó kí ẹnikẹ́ni tó ra ọmọ ẹja. Kí wọ́n pín omi: apá kan fún ìgèrè àti àwọ̀n olójú ńlá, apá kan fún ìwọ̀ nìkan, apá kẹta kí ó jẹ́ ibi ìyéyin tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn. Kí àlejò tí ó bá fẹ́ fi ìwọ̀ ṣeré sanwó, kí owó náà sì san fún olùṣọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ìlú, kí ìyókù ra ọmọ àrọ̀. Kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama máa kọ ìwé àkọsílẹ̀. Yóò jẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún wọn. Kí ìlú náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé èèwọ̀ ni májèlé, kí ó má jẹ́ òfin Abuja nìkan.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ pé àlá ni mo ń lá, pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń da Gammalin kò ní gbọ́. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ó da Gammalin sínú ibú rò pé bí òun kò bá pa ẹja náà lónìí, ẹlòmíràn ni yóò pa á lọ́la. Kò sì purọ́. Ọjọ́ tí ó bá dá a lójú pé ẹja tí òun fi sílẹ̀ lónìí yóò wà níbẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀, tí òun ni yóò sì kọ́kọ́ ju ìwọ̀ sí i, ọjọ́ náà ni yóò di olùṣọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ẹja, nípa òfin àti nípa àṣà wa ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, iṣẹ́ ti wà níwájú yín. Ẹ jẹ́ kí á ká ẹja náà nígbà tí ó ṣì tutù.